Ògbufọ̀ Ilé Fídíò

Ilé Bàbá Zulkifli,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìlútítun,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Susan, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí ó má ṣe bá ẹnikẹ́ni lórí ibùsùn àìsàn. Àwa náà wà láàyè níbí. Orúnkún mi ọ̀tún ló kàn ń dá sí ọ̀rọ̀ tí n kò pè é sí, pàápàá tí mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo. Ìyá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní ṣé o ti sanra díẹ̀. Mo ní mo rí àwòrán rẹ lórí fóònù, mo sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo jókòó kọ, èmi tí kíkọ̀wé kì í wù láti ilé-ìwé. O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí iná ti kúrò ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Tí mo bá gba iná sí fóònù lọ́dọ̀ àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀, kì í pẹ́ kó tó tún kú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí iná nìkan. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń sọ síbi tí gbogbo ẹgbẹ́ á ti gbọ́ ọ, kí ẹnì kan wá fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín dá a lóhùn. Ṣìkẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Zulkifli, ń bọ̀ ní Àbújá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òun ni yóò fà á lé ọ lọ́wọ́.

Mo rí ohun tí o kọ sórí Wọ́sáàpù. O ní kí gbogbo wa padà sí Ìlútítun nígbà Kérésì, kí a tún ilé fídíò bàbá mi ṣe bó ṣe wà, kí a to bẹ́ǹṣì, kí a fi sinimá Ṣáínà kan sí i, kí Bọ̀dá Philemon wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n máa sọ ọ́ fún wa bíi ti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Inú gbogbo èèyàn dùn sí i. Ambrose ní òun yóò gbé jẹnẹrétọ̀ wá láti Èkó. Joel ní òun yóò ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ wa lè mọ ohun tí a gbádùn. O wá ní èmi tí mo wà nílé ni kí n lọ sọ fún Bọ̀dá Philemon. Nígbà tí n kò dáhùn, o bi mí bóyá inú ń bí mi. Inú kò bí mi, Susan. Bọ̀dá Philemon kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rántí rẹ̀ dáadáa fún ara mi, kí n tó bà á jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣé o rántí yàrá náà? Bàbá mi kan ọ̀rá dúdú mọ́ fèrèsé kí oòrùn má baà wọlé. Wọ́n ti tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú àpótí onírin, wọ́n fi àgádágodo sí i, àfi bíi pé tẹlifíṣọ̀n gan-an ni olè. Ẹni tí kò bá lówó á gbé abọ́ ẹ̀kùrọ́ wá, wọ́n á dà á sínú àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀kùrọ́ ìyá rẹ àgbà ni ìwọ ń kó wá, wọn kò sì mọ̀ títí wọ́n fi kú. Ooru á mú wa nínú ibẹ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ẹnikẹ́ni kò ní dìde.

Èdè Ṣáínà ni wọ́n ń sọ nínú àwọn sinimá yẹn, tàbí èdè Íńdíà. Ìwé Òyìnbó tín-ín-tìn-ìn-tín á máa sáré kọjá nísàlẹ̀, ojú wa kò lè bá a. Bọ̀dá Philemon ni etí wa. Wọ́n á dúró lápá ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ọ̀pá ọparun lọ́wọ́, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọ̀gá, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀yìn, wọ́n á sọ̀rọ̀ omidan, wọ́n á tún sọ ohun tí ẹṣin ń rò. Ìkálẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ wa béèrè pé èdè wo ni wọ́n ń sọ ní Ṣáínà, ìwọ lo nawọ́. O ní Ìkálẹ̀ ni, àmọ́ ó jọ ti àwọn ará Àjàgbà díẹ̀. Olùkọ́ nà ọ́ dáadáa, èmi sì ń ṣe kàyéfì nídìí àga mi, torí ohun tí èmi náà mọ̀ nìyẹn.

Tí a bá jáde, a ó ya etí aṣọ àwọn ìyá wa, a ó so ó mọ́ orí, a ó fi ọ̀pá ọparun jagun láti ilé wa dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. A ó ra ṣingọ́ọ̀mù nítorí àwòrán jagunjagun inú rẹ̀, a ó fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá, a ò ní jẹ́ kí omi kan apá náà. Àpá tí o dá sí mi níwájú orí ṣì wà níbẹ̀ digbí. Tí mo bá wo dígí, mo máa ń kí ọ.

Bọ̀dá Philemon kan náà ni ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, o kò ní gbàgbé ìyẹn. Tí oníwàásù bá ti Benin wá, àwọn ni wọ́n ń sọ Òyìnbó rẹ̀ di Ìkálẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń lọ sí ìsìn tìtorí wọn. Àwọn àgbà ìjọ wá ní ilé Sátánì ni ilé fídíò, kí wọ́n yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Wọn kò yan nǹkan kan. Ìjọ gba iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó gbé e fún Benedict tó ń ránṣọ. Tí Benedict bá ń túmọ̀ ìwàásù, oníwàásù gan-an á máa tòògbé.

Ìyàwó wọn ni ìtìjú náà wọ̀ lára jù. Charity ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Kingsley ni gbogbo wa ń pè wọ́n látìgbà tí wọ́n ti bí àkọ́bí. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ sókè. Tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ilé wa, wọ́n á sọdá sí òdìkejì títì. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú jókòó nítorí ọkọ wọn. Ní gbogbo ọdún tí bàbá mi fi ṣe ilé fídíò, n kò rí wọn nínú yàrá yẹn rí.

Lẹ́yìn tí o ti lọ ni sinimá Yorùbá gba ìgboro, kò sì sẹ́ni tó tún ń wá ògbufọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ra tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, nígbà tí iná ṣì ń wá. Bàbá mi ta jẹnẹrétọ̀, nígbà tí wọ́n sì kú, èmi ni mo ń kó epo mi sínú yàrá náà. Bọ̀dá Philemon gba oko ẹ̀gẹ́ lọ. Wọ́n di ẹni tó máa ń dákẹ́. Tí mo bá kí wọn lọ́nà, wọ́n á dáhùn, wọ́n á kọjá. Ó máa ń dùn mí, àmọ́ n kò mọ ohun tí èèyàn lè ṣe sí irú ìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè pe ọkùnrin kan dúró lójú ọ̀nà oko pé kí ó wá sọ ohun tí ẹṣin ń rò.

Ní ìgbà òjò tó kọjá yìí ni àrùn ẹ̀gbà kọ lù wọ́n lóko. Àwọn tó ń ro ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló gbé wọn wálé lórí ọ̀kadà. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé ìwòsàn kí Kingsley tó gbé wọn padà. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́. Dókítà ní ọ̀rọ̀ ti bá àìsàn náà lọ, pé ó lè padà, ó sì lè má padà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò rí ìdí rẹ̀. Èèyàn á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹṣin. Èèyàn á fẹ́ wẹ̀ wọ́n, wọ́n á máa bá àwọn ọmọdé tí kò sí níbẹ̀ wí. Àwọn aládùúrà ìjọ ní ẹ̀mí àjèjì ló ń gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Mo mú ẹja lọ kí wọn. Bí mo ti jókòó ni wọ́n yí ojú sí mi, ohùn wọn sì já gaara, ohùn ilé fídíò gan-an. Wọ́n ní, "Ogun lé mi dé ẹ̀yìn igi." Mo bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé èèyàn lè rẹ́rìn-ín báyẹn nílé aláìsàn, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló wò mí bí ẹni tó ya wèrè. Ìwọ náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Tí jagunjagun kan bá sá wọ inú igbó, ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn, wọ́n á wá ṣẹ́jú sí wa pé ó lọ tọ̀ ni. Mo sọ fún Ìyá Kingsley pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Wọ́n gbé póò wá, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni ẹkún gbé mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìwòsàn dé ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ tọ̀, àdúrà ni a sì fi ń dá wọn lóhùn.

Bí mo ṣe di ògbufọ̀ fún ògbufọ̀ nìyẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu wọn, ti sinimá ni. Tí wọ́n bá ní odò jìnnà, omi ni wọ́n ń béèrè, torí ọmọ ẹ̀yìn tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń rán lọ pọnmi lẹ́yìn òkè. Tí wọ́n bá ní ó ti rẹ ẹṣin, wọ́n fẹ́ kí a yí àwọn padà lórí ibùsùn. Èyí tó dùn mí jù ni "Ẹ̀yin ọma, ẹ bojú." Ìgbà tí ọkùnrin àti obìnrin bá ti sún mọ́ra jù nínú sinimá ni wọ́n máa ń pàṣẹ yẹn fún wa, a ó fi ọwọ́ bojú, a ó sì máa yọjú láàárín ìka. Báyìí, ìgbà tí àwọn obìnrin ìjọ bá bọ́ aṣọ lára wọn láti wẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń sọ ọ́. Ojú ń ti bàbá àgbàlagbà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Mo lé gbogbo obìnrin ìjọ jáde nínú yàrá lọ́jọ́ tó yé mi, wọn kò sì fẹ́ràn mi mọ́ látìgbà náà.

Ara tu Bọ̀dá Philemon díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú Ìyá Kingsley. Àwọn tí wọ́n ti bá ọkọ gbé láti ìgbà èwe, tí wọ́n bímọ fún un, tí wọ́n mọ bó ṣe ń mí lójú oorun, ni wọ́n wá ní láti dúró de ọmọ onífídíò kí wọ́n tó mọ ohun tí ọkọ wọn ń wí. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n á fún mi ní àga, àwọn á dúró ti ògiri. Tí mo bá ti túmọ̀ tán, ohun kan náà ni wọ́n máa ń béèrè: "Sàídá, ghan éè sọ nǹkan nípa mi?" Mo máa ní rárá, ọkọ wọn kò tíì sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, Susan. Wọ́n ti gbà pé ìwòsàn kò sí. Ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tiwọn ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọkọ wọn, kí ó tó lọ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tó jẹ́ tiwọn. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ìyá Kingsley nìkan ni Bọ̀dá Philemon ń sọ ọ́ fún. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ìyàwó wọn bá gbé fìtílà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Bọ̀dá Philemon á wò wọ́n tìfura-tìfura, wọ́n á ní, "Onúlé, gbà mí s'úlé lónìí. Ilẹ̀ á mọ́, mo á lọ." Àwọn ará ìjọ gbọ́ ọ, wọ́n ní ó ń dágbére ni, pé ẹni tó bá ń sọ pé òun á lọ tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ. Látìgbà náà ni Ìyá Kingsley kò sùn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni wọ́n ń jókòó sí títí di àárọ̀, mo rò pé kí ó má baà kú nígbà tí àwọn bá sùn ni. Wọ́n rù tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka ìgbéyàwó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá ń fọṣọ.

Èmi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Sinimá jagunjagun tí wọ́n la irin mọ́ lórí ni, tí gbogbo ohun tó mọ̀ fò lọ. Ó rìn títí, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé fìtílà jáde sí i, kò sì dá a mọ̀. Ó kí i bí àlejò ṣe ń kí onílé, ó ní kí ó gba òun sílé di àárọ̀. N kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, torí ìwọ ni mo ń wò. O sunkún lọ́jọ́ náà tó fi jẹ́ pé bàbá mi dá ẹ̀kùrọ́ rẹ padà fún ọ. Nítorí náà Bọ̀dá Philemon kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́ ni. Wọ́n ń rí i lójoojúmọ́, ó ń bọ́ wọn, ó ń nu wọ́n nídìí, wọ́n sì rò pé onílé àjèjì kan ni.

Kí ni ò bá sọ ká ní ìwọ ni? Mo yẹra fún ilé wọn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, mo ń rò ó. Tí mo bá dákẹ́, àìsùn yóò pa Ìyá Kingsley ṣáájú ọkọ wọn. Tí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á sùn, àmọ́ irú oorun wo nìyẹn? Mo ní ẹni tó ń túmọ̀ ló ni ọ̀rọ̀, Bọ̀dá Philemon fúnra wọn ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Mo bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìyá Kingsley ń mọ ẹ̀gẹ́ púpurú ní rìbìtì rìbìtì, wọ́n ń tò ó sórí iná kó lè gbẹ. Mo ní mo ti rántí sinimá náà. Mo ní ọkọ ìyàwó tuntun kan ló ń bá ìyàwó rẹ̀ ṣeré lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣe bí àlejò kí ìyàwó lè rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú. Mo sọ ọ́ dùn, Susan, mo tilẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe.

Wọ́n mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n gbé e sórí iná, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró. Wọ́n wá ní, "O ṣé, ọma mi. Mo gbọ́ sinimá yẹn."

Oyún Kingsley ló wà nínú wọn nígbà náà. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ló rán wọn lọ pé kí wọ́n lọ fa ọkọ wọn jáde nínú ilé fídíò níṣojú gbogbo ayé, kí wọ́n fi hàn pé ti Ọlọ́run ni àwọn ń ṣe. Wọ́n dé ẹ̀yìn ilé wa, ọwọ́ wọn ti wà lára fèrèsé láti gbá a. Wọ́n wá gbọ́ ohùn ọkọ wọn. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ohùn yẹn wà lára ẹni tí àwọn ń bá sùn. Wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbọ́ sinimá náà látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì padà sọ fún ẹgbẹ́ pé àwọn kò bá a níbẹ̀. Wọn kò sọ fún ọkọ wọn rí. Wọ́n ní ojú ló kọ́kọ́ ń ti àwọn, nígbà tó yá, ó ti pẹ́ jù láti sọ ọ́.

Nítorí náà, láti ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ wọn ti kọ́kọ́ pè wọ́n ní onílé ni wọ́n ti mọ ohun tó ń sọ. Àwọn ará ìjọ ń ṣọ́ ikú, Ìyá Kingsley kàn ń jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n wá ń béèrè lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Mo ní bóyá jẹnẹrétọ̀ ni éè jẹ́ kí mo gbọ́ ọ dáadáa."

Ojú tì mí, n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní kí n dúró. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n tan fìtílà, wọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Bọ̀dá Philemon wò wọ́n, wọ́n ní kí onílé gba àwọn sílé. Ìyá Kingsley ní, "Wọ ulé, àlejò. Ẹní ghà nílẹ̀, oúnjẹ ghà lórí iná." Ìgbà náà ni mo tó rántí. Ohun tí ìyàwó inú sinimá sọ nìyẹn. Kò sọ fún ọkùnrin náà pé ilé rẹ̀ ni, torí kí ẹ̀rù má baà bà á kó tún sá lọ. Ara Bọ̀dá Philemon rọ̀ wọ̀ọ̀. Wọ́n ya ẹnu, wọ́n jẹ púpurú lọ́wọ́ ìyàwó wọn, àwọn tí kì í jẹ nǹkan kan ní ìrọ̀lẹ́ mọ́.

Nígbà tí Ìyá Kingsley sìn mí dé títì, mo bi wọ́n pé ṣé kò ní máa dùn wọ́n, kí èèyàn di onílé fún ọkọ ara rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni mo fẹ́ ti lọ, Sàídá. Àlejò yí ló kù, mo sì ti gbà ghan s'úlé." Wọ́n kí mi pé ó dàárọ̀, wọ́n padà wọlé. Mo gbọ́ pé wọ́n ń sùn báyìí. Wọn kò tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́.

Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún Ambrose àti Joel ní ọ̀nà tí yóò fi yé wọn. Kí Ambrose gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sílé. Kí Joel má ṣe gbé fóònù sí ojú bàbá ẹni ẹlẹ́ni pé kí ó sọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Tí ìwọ bá fẹ́ wá, wá, ṣùgbọ́n wá nìkan, kí o jókòó díẹ̀. Mo ń sọ fún ọ ṣáájú pé wọn kò ní mọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí ò ń ṣe àárò rẹ̀ kọ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Èmi náà ń ṣe àárò rẹ̀ púpọ̀, ó sì ń ṣe mí bíi kí n má tíì mọ gbogbo èyí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a di àlejò lọ́wọ́ àwọn ẹni wa. Kò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa kí a tó sọ èyí tó yẹ ká sọ. Kí ó bá ọ wo àwọn ọmọ, kí ó fún ọkọ rẹ ní ìlera, kí ó sì jẹ́ kí ojú wa tún ríra ní ayọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà tí eyín wa ti ń yẹ̀,
Sàídátù.

Àfikún: Zulkifli bá mi wá sinimá náà kàn lórí fóònù rẹ̀ lánàá. A wò ó tán, a sì ń dá a dúró kí a lè ka ìwé Òyìnbó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tó gbé fìtílà jáde yẹn kì í ṣe ìyàwó ọkùnrin náà. Ilé ìsùn àwọn arìnrìn-àjò ló ń tọ́jú, kò mọ̀ ọ́n rí. Kò tilẹ̀ fọhùn, ó kàn nawọ́ sí inú ilé. Bọ̀dá Philemon ló sọ ọ́ di ìyàwó, àwọn ni wọ́n fi ẹnu ara wọn dá èsì "Wọ ulé, àlejò" náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó tiwọn wà lẹ́yìn ògiri. N kò tíì rí ẹnu sọ fún Ìyá Kingsley.